Wọ́n Sọ Mí Di Àlàájà Tí Kì Í Jókòó

"Má dá mi lẹ́nu, Mùínàt. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí."

"Bó ṣe rí báwo? Kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ibẹ̀ ń dùn ẹ́?"

"Gbogbo àdúgbò Àsísíyà ló ti gbọ́. Ta ló kù?"

"Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ló kù!"

"Ṣé àwọn yẹn ò ní ibẹ̀ ni?"

Ibi tí Mùínàt ti kọjú sí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn mi, ẹ má bínú pé ẹnu ìjà lẹ bá wa. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó kàn fẹ́ kí n kọ ọ́ bíi pé orí ló ń fọ́ mi. Mo ní ta ló ń jókòó sínú báàfù yìnyín nítorí orí fífọ́?

Fáòsíátù lorúkọ mi. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, lẹ́yìn náà mo wá ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà, mo sì gbàgbé láti padà sílé. Ọkọ mi, Lìádì, ń bá wọn tún ara mọ́tò tó bá tẹ̀ ṣe, ó sì ń kùn ún lọ́dà, ní Mahjar ní Jẹ́dà, ibẹ̀ náà là ń gbé. Lìádì ni mo máa pè é níbí o. Lójú rẹ̀, Àlàájì mi ni. Èmi àti Mùínàt máa ń se oúnjẹ fún àwọn tó bá wá sí Mẹ́kà láti ilé. Ìkáàmà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, a ò ní in, nítorí náà a kì í ṣe àìsàn tó bá ṣe é yẹra fún.

Èyí kò ṣe é yẹra fún.

Ojú ara mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rò pé ata ni, pé mi ò fọ ọwọ́ dáadáa kí n tó wọ ilé ìtọ̀. Mo fọwọ́ títí, ó ṣì ń ta. Ó ń ta, ó ń jó, ó ń yún, tí mo bá wá jókòó, á máa gún mi bí abẹ́rẹ́. Tí mo bá dìde, á rọlẹ̀ díẹ̀. Bí àga ṣe di ọ̀tá mi nìyẹn. Mọ́tò tó ń gbé wa láti Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà, ọ̀tá àgbà.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọn kì í béèrè ìwé púpọ̀. Wọ́n fún mi ní ìpara. Mo lọ sí òmíràn, wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró. Ní ibi kẹta, dókítà obìnrin kan tan iná sí mi lábẹ́, ó wò ó bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ó wá sọ ọ́ ní Lárúbáwá pé kò sí nǹkan kan ńbẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, nǹkan kan wà ńbẹ̀. Òun ló gbé mi wá."

Ó ní kí n lọ sinmi, kí n máa ro nǹkan rere. Mo lọ, mo ń ro nǹkan rere, ó ń ta mí lọ.

Nígbà tí wọ́n ti ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan síbẹ̀. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Mo fi álọ́ọ̀mù sómi, mo fi ṣàn án. Mo lo omi apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Ìyá ará Súdáànì kan ní kí n lóṣòó sórí èéfín tùràrí. Mo lóṣòó títí mo fi ń rùn bí ẹja yíyan tó ń lọ kírun Jímọ́ọ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà ní ilé ìdáná mi, irú nìkan ni mi ò tíì fi kàn án. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń jẹ́ kó le sí i. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ dákun, ẹ má gbìyànjú èyíkéyìí nínú wọn. Mo ti bá yín gbìyànjú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oró yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Lìádì ni.

Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá fọwọ́ kàn mí lórí ẹní, ara mi á ti le gbagidi kí n tó mọ̀, màá yíjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé:

"Fáòsá, ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá, Àlàájì mi."

"Ṣé òórùn ọ̀dà ara mi ni?"

Mi ò dáhùn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ọ̀dà rọrùn láti gbà ju ọ̀rọ̀ ojú ara lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Lìádì ti ń fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Á wẹ̀, á tún ara wẹ̀, á fi lọ́fíńdà kun irùngbọ̀n, á wá rọra dùbúlẹ̀ sí etí ẹní bí àlejò. Mo mọ̀ pé ọkùnrin tó ń wẹ̀ tó báyìí, lọ́jọ́ kan á rí ẹlòmíràn tó máa gbóòórùn rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ Ràmàdáánì yọjú ní Àsísíyà ní Mẹ́kà, pé ká wá máa gbé pẹ̀lú àwọn ará Ìsẹ́yìn kan tó wá ṣe Úmúrà, ká máa se ìṣínu fún wọn, mo ti di ẹrù kí Mùínàt tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní mo mà fẹ́ràn iṣẹ́ o. Ẹní ni mo ń sá fún.

Alfa Àbùbákàr ni olórí àwọn ará Ìsẹ́yìn yìí, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Àlàájà Kìfáyàtù ni olórí àwọn obìnrin. Ó ga, ó sanra, ó sì máa ń bá líìfùtì jà tí kò bá tètè dé. Èèyàn rere ni. Ohùn rẹ̀ ló kàn tóbi.

Lọ́jọ́ ìṣínu àkọ́kọ́, wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ ní pálọ̀, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Gbogbo wọn jókòó. Èmi dúró ti ògiri, mo mú dàbínù lọ́wọ́.

"Fáòsá, jókòó kóo ṣínu," Àlàájà Kìfáyàtù ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ìdúró yìí dáa."

"Kí ló dáa nínú ìdúró? Láti àárọ̀ lo ti wà lórí ìdúró. Jókòó!"

"Mo gbádùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ta ló ń gbádùn ìdúró? Kí ló ń ṣe ìdí ẹ?"

Àwọn ọkùnrin yíjú sí wa. Alfa gbé ife kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ? Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ojú ara fún Alfa kó tó jẹ dàbínù?

Àlàájà wá wò mí láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Àbí o jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni?"

Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbé dàbínù sẹ́nu.

"Sùbùánálláhì!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun ò ní jókòó nílẹ̀ mímọ́! Ẹ wo bó ṣe ń fi í pamọ́. Àwọn tó bá ń ṣe é fún Ọlọ́run, wọn kì í sọ."

Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ Mùínàt.

Nígbà tí a kírun tán, ó tún wá burú sí i. Ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá ń kírun, orí ẹsẹ̀ ló ń jókòó lé. Tèmi kì í fara kanlẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà mo lè fara dà á. Àlàájà ń ṣọ́ mi. Ó fọwọ́ tọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "O rí i? Kì í jókòó àfi níwájú Ọlọ́run."

Bí irọ́ ṣe ń dàgbà nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ẹ̀rí kiri.

Kí n má tàn yín jẹ, ó dùn mọ́ mi. Wọn ò jẹ́ kí n ṣa ẹ̀wà mọ́, torí ìjókòó ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ń ya dàbínù tó tóbi jù sọ́tọ̀ fún mi. Àlàájì kan tí àpótí rẹ̀ ò bá a dé ní kí n ṣàdúrà. Mo ní Ọlọ́run á bá yín wá a. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àpótí dé láti Kánò, níbi tó ti lọ kí àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ bá bẹ́. Ẹni tó ń wá ọmọ dé, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wá físà dé, obìnrin kan ní kí n bá òun ṣàdúrà kí ìyá ọkọ òun lọ sí Àbújá. Wọ́n ń to lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, èmi ń ro ọbẹ̀, mo ń ṣe Àmín.

"Fáòsá," Mùínàt á máa sọ sí mi létí, "o máa lọ sí ọ̀run àpáàdì."

"Ṣé wọ́n máa ń jókòó níbẹ̀?"

Ẹ bá mi rò ó. Oró kan náà tí dókítà ní kò sí, òun làwọn èèyàn wá ń tìtorí rẹ̀ fọwọ́ kan aṣọ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa gbà pé nǹkan kan ń ṣe mí. Ohun tí wọ́n pè é ni ò jọ ọ́.

Lẹ́yìn ìṣínu ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Lìádì dé láti Jẹ́dà. Inú líìfùtì ni Àlàájà Kìfáyàtù ti sọ ìròyìn mi fún un. Bó ṣe wọlé ìdáná, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tó gbọ́ pé iléèwé ti gba ọlidé.

"Fáòsá. Ẹ̀jẹ́ ni?"

"Àlàájì mi, ẹ kú ìrìn."

"Gbogbo ìgbà yìí tóo ń kọ̀yìn sí mi. Ẹ̀jẹ́ ni?"

Mo ń ro ọbẹ̀. Mùínàt wò mí, ó gbé ìkòkò tó ṣófo, ó jáde.

"Mo rò pé mo ti sú ẹ ni," Lìádì sọ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín, ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mo ti ń rò ó pé bóyá kí n jẹ́ kóo máa lọ. Kí n má ba ìgbésí ayé ẹ jẹ́."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Kò sí Alfa níbẹ̀, kò sí Àlàájà. Èmi, òun, àti ìkòkò ọbẹ̀. Mo la ẹnu. Mo wo bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́. Mo rò ó pé tí mo bá sọ òótọ́, á bi mí pé ta ló kó o ràn mí, tàbí á máa wò mí bí mọ́tò tí wọn ò lè tún ṣe mọ́.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájì mi. Ẹ̀jẹ́ ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi sọ́kàn. Fún àwọn tó kù, mo kàn dákẹ́ ni. Lìádì nìkan ni mo fi ẹnu ara mi purọ́ fún.

"Ìgbà wo ló máa parí?"

"Ọlọ́run ló yé."

"Màá dúró," ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó kọ̀, kò jókòó. Ó jẹ tùwó tán lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó ní kí ẹ̀jẹ́ náà lè rọrùn fún mi.

Alfa Àbùbákàr ni ọ̀rọ̀ yìí ò dùn mọ́. Ó ní ẹ̀jẹ́ pé èèyàn ò ní jókòó ò sí nínú ẹ̀sìn wa, pé ara tí Ọlọ́run fún wa ní ẹ̀tọ́ lórí wa. Kí n jókòó, kí n bọ́ àwọn aláìní láti fi ṣe ìtánràn. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n gbé àga onígi kan sí àárín pálọ̀.

"Bìsìmílláhì, Fáòsíátù. Jókòó."

"Alfa, ẹ jẹ́ kí n rò ó wò."

"Ìrònú kankan ò sí ńbẹ̀. Jókòó."

Mo jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ó ta mí dé àtàrí. Mo di etí àga mú lápá ọ̀tún, mo dì í mú lápá òsì, omijé ń já lójú mi, mo ń pe "Yà Álláhù! Yà Álláhù!" Mi ò tíì fi gbogbo ara pe Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àlàájà Kìfáyàtù bú sẹ́kún.

"Ẹ wo bó ṣe ń dùn ún pé wọ́n gba ìdúró lọ́wọ́ ẹ̀! Alfa, ẹ ṣàánú! Ẹ dá ẹ̀jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ padà fún un!"

Alfa náà ti ń fi gèlè ìyàwó rẹ̀ nu ojú. "Dìde, ìyá mi, dìde," ó sọ bẹ́ẹ̀. "Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà láàrin ìwọ àti òun."

Ọlọ́run mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àwọn obìnrin kan ní àwọn náà máa dúró. Wọ́n to ara wọn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lákòókò ìṣínu, kálukú mú ife lọ́wọ́, a dà bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní tèmi yàtọ̀. Wọ́n ní ẹ ò gbọ́, ó tún nírẹ̀lẹ̀. Èyí tó wá bà mí nínú jẹ́ jù ni Màmá Ràbíátù, àgbà inú wọn, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Ẹsẹ̀ Màmá wú bí ìrọ̀rí. Mo mú àga wá fún un, ó fi ọwọ́ tì í: "Ìwọ fẹ́ dá nìkan jẹ àlùjánnà ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èmi ti ń rí ìsinmi. Tí wọ́n bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán tí wọ́n ń sinmi, èmi á bu omi sínú báàfù, màá da yìnyín sí i, màá gbé e lọ sí yàrá ìfọṣọ lẹ́yìn ilé ìdáná, Mùínàt á sì máa ṣọ́nà. Àwọn ará ilé ti ń ráhùn pé kí ló dé tí yìnyín kì í kárí mọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, èyí tí mo bá lò kì í padà sínú ife ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ etí báàfù bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ fún, mo dijú. Mo gbọ́ gbì! Mo gbọ́ igbe. Màmá Ràbíátù ti ṣubú ní pálọ̀.

"Yìnyín!" Ohùn Àlàájà ni. "Ẹ gbé yìnyín wá, ká fi sí i lórí!"

Wọ́n ṣí fíríìjì. Kò sí nǹkan kan.

"Mùínàt, níbo ni yìnyín wà?"

"Ó tán, mà."

"Kí lo wá ń ya apá sí lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn?"

"Mò ń na ara, mà."

"Kí ló wà nínú yàrá yẹn?"

"Ìkòkò, mà!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Àlàájà Kìfáyàtù wò mí. Ó wo báàfù. Ó tún wò mí. Gbogbo obìnrin inú ilé ti wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń na ọrùn.

"Ó jókòó," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ó jókòó?" ẹni tó tẹ̀ lé e béèrè.

"Ó jókòó o! Ó jókòó!" Wọ́n ń fi lé ara wọn lọ́wọ́ títí ó fi dé pálọ̀, mo sì gbọ́ tí Alfa ń béèrè pé, "Ta ló jókòó?"

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àlàájà. Yìnyín kù nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò tíì kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ fún Màmá."

Mùínàt ló pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Hiba, tó ń gbé ní Sáhírì nítòsí. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ìlú yìí ló ti kàwé. Ó ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n "o" ló máa ń sọ fún àgbà àti ọmọdé, wọn ò kọ́ ọ ní "ẹ". Ó yẹ Màmá Ràbíátù wò, ó ní kó jókòó, kó má tún dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́, kó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pa tì nítorí ẹ̀jẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Màmá ti lajú, ohun àkọ́kọ́ tó sì sọ ni pé, "Fáòsá dà? Ṣé òótọ́ ni pé ó jókòó?"

Hiba wá bá mi nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Kháálà, níbo ló ń dùn ẹ́?" Bó ṣe ń pe àǹtí nìyẹn.

Mo ní, "Abẹ́ mi."

"Abẹ́ tóbi. Fi hàn mí."

Ó wẹ ọwọ́, ó mú òwú rírọ̀ lórí igi tín-ín-rín, ó ń rọra fi kàn mí díẹ̀díẹ̀. "Ibí ńkọ́? Ibí ńkọ́?" Nígbà tó kan ibì kan, mo fò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Òwú lásán! Ó ní, "Kàláásì, ó tó, mo ti rí i." Mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe oró ló pa mí lẹ́kún. Ẹnì kan ti rí i.

Ó ní òun ò tíì lè fún un lórúkọ, àyẹ̀wò ṣì wà láti ṣe. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn iṣan tó ń gbé ìrora ló ń pariwo láìsí egbò, kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe ìwà, kò sì ran ọkọ. Ó ní kí n da gbogbo ọṣẹ àti èéfín àti ìpara nù, omi lásán ni kí n máa fi fọ̀ ọ́. Kí n wọ aṣọ òwú tí kò fún. Tí mo bá fẹ́ nǹkan tútù, kí n fi aṣọ wé e, kó má pẹ́ lára mi, kí n yé gbé ìdí sínú yìnyín bí ìgò. Oògùn wà, eré ìdárayá wà, ṣùgbọ́n ó máa gba oṣù púpọ̀. Ó ní kí n wá bá òun níbi iṣẹ́, òun ò ní bi mí ní ìkáàmà kóun tó bi mí níbi tó ń dùn mí.

"Ọkọ ẹ ńkọ́? O ti sọ fún un?"

Mo ní ó rò pé ẹ̀jẹ́ ni.

"Kháálà," ó ní, "ìyẹn, mi ò ní oògùn ẹ̀."

Ní ìta, wọ́n ń bú mi. Onírọ́, ẹlẹ́tàn, ẹni tó fẹ́ pa Màmá Ràbíátù. Èyí tó jẹ mọ́ Màmá, mo gbà á, mo sì lọ kúnlẹ̀ bẹ Màmá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe padà sílé ìdáná láti gé àlùbọ́sà, ẹnì kan wọlé jẹ́jẹ́.

"Fáòsá. Tìrẹ yẹn, ṣé ó máa ń ta tóo bá ń tọ̀?"

Bó ṣe jáde, òmíràn wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó Alfa: ó ní láti ọjọ́ tóun ti bí àbígbẹ̀yìn òun, òun kàn máa ń di eyín mú ni, Alfa rò pé ìtìjú ni. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni Àlàájà Kìfáyàtù, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò pariwo.

"Kì í ṣe fún mi o. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìsẹ́yìn."

"Ó yé mi, mà. Ọ̀rẹ́ yín yẹn, ṣé ó ga, tó sanra díẹ̀?"

Ó wo àlùbọ́sà. "Díẹ̀," ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí Hiba ní kí n ṣe fún un, ó ní òun á bá mi jíṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, kí ìṣínu tó tó, wọ́n kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀ láti dá ẹjọ́ mi. Alfa ti fi fóònù pe Lìádì. Ó dé tòun ti aṣọ iṣẹ́, ọ̀dà pupa wà ní ìgúnpá rẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò wò mí.

Alfa ní irọ́ burú níbikíbi, ó wá burú jù ní Mẹ́kà, nínú Ràmàdáánì. Ó ní wọ́n tan òun pàápàá, òun sunkún.

"Kó kó ẹrù ẹ̀ jáde!" Àlàájà Kìfáyàtù ló pariwo bẹ́ẹ̀, àmọ́ ògiri ló ń wò.

"Lìádì," Alfa sọ, "ìwọ ló kọ́kọ́ ní ẹjọ́ rò. Ó purọ́ fún ẹ lórí ẹní ẹ. Sọ ohun tóo fẹ́ ká ṣe sí i."

Lìádì dìde. Mo ní ó tán. Ó ti fẹ́ ká ẹní rẹ̀.

"Fáòsá," ó ní, "níbo ló ń dùn ẹ́?"

Mo wo àwọn ọkùnrin. Mo wo Lìádì.

"Ojú ara mi ni, Àlàájì mi."

Alfa wúkọ́. Ẹnì kan ní "Àsítáfúrúlà."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹrosíìnì fọwọ́."

"Kì í ṣe ọ̀dà?"

"Kì í ṣe ọ̀dà. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀rù ló bà mí, mo sì purọ́ fún yín. Ẹ má bínú."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti bó. Ó mí kanlẹ̀.

"Lìádì," Alfa sọ, ohùn rẹ̀ le díẹ̀, "ìdájọ́ là ń retí. Kì í ṣe ilé ìwòsàn la wà."

"Mo gbọ́, Alfa. Irọ́ tó pa dùn mí, èmi àti ẹ̀ á sọ ọ́ nílé. Tẹ́ ẹ bá ní kó kó ẹrù, màá bá a gbé e." Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin tó jókòó, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó Alfa ti tẹrí ba, Àlàájà Kìfáyàtù ti fi ìbòrí bo ẹnu. "Ṣùgbọ́n orí ẹní kan lèmi àti ẹ̀ ń sùn, mi ò sì mọ̀, torí mi ò bi í. Ẹ̀yin àgbà mi, mi ò fi rí yín fín. Àwọn ìyàwó tiyín, níbo ló ń dùn wọ́n?"